Ẹ̀yìn Mi Ni Ìyá Àgbà Fi Ṣe Pákó Ìgbérí

Ẹ́fúà ọmọ mi, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe. Pákó ìgbérí bẹ́ẹ̀dì tí o rà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e wọlé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, wọ́n ki fóòmù sí i nínú, wọ́n fi aṣọ àrán bò ó, wọ́n wá fi bọ́tìnnì tẹ̀ ẹ́ wọnú káàkiri bí ìdodo ọmọ tuntun. Mo bi ọ́ pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀, o ní kó lè bá aṣọ fèrèsé mu ni. N kò bá ọ jiyàn, ó dára ní wíwò lóòótọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti ń padà sí àgbàlá wa ní Adabraka nílẹ̀ Gã, sí ọdún kan tí pákó ìgbérí di ọ̀ràn ńlá nílé wa, tó jẹ́ pé bí kò bá sí i, wọn ì bá gbé ìyá bàbá mi sínú lọ́rì lọ. Má bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí nígbà náà. Mo ti lè ru garawa omi kan dé ilé láìdà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì lè fọ aṣọ ara mi kó mọ́. Ibẹ̀ ni kí o fi í sí.

Àgbàlá yẹn kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìgbálẹ̀ Naa Kọ́kọ́ la ó kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọ Gã ni, àwọn ló ni ìlú, òun ló ni yàrá méjì tó wà lápá ọ̀tún, ẹja ló ń yan tà, èéfín ẹja náà sì ti wọ aṣọ gbogbo wa débi pé bí a bá dé ọjà Makola, àwọn èèyàn á ti mọ ilé tí a ti wá. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni ohùn obìnrin tó ń kiri ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n ń pè ní kókò, lẹ́yìn náà ni ìyá mi tó ń di ẹrù aṣọ rẹ̀ lọ sọ́jà, tó ń bú okùn pé kò gùn tó. Bí oòrùn bá wá yọ, ayùn bàbá mi á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi dóńgóyárò, gbogbo ìró yòókù á sì máa tẹ̀lé e bí àwọn ọmọdé ṣe ń tẹ̀lé ẹni tó gbé àkàrà. Káfíńtà ni bàbá mi. Bẹ́ẹ̀dì ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, pákó ìgbérí ló sì fi lórúkọ. Bí oníbàárà bá ní òun kò fẹ́ pákó ìgbérí, pé kí owó lè dín kù, bàbá mi á gbé pẹ́ńsù kúrò létí, á ní: “Ó dáa. Níbo wá ni ìrọ̀rí yín máa dúró sí? Ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì ló máa já sí. Òróró irun ìyàwó yín, ara ògiri ló máa lọ, ẹfun ara ògiri á wá wá sí irun ìyàwó yín. Nígbà òjò, ògiri á máa sun omi, orí yín ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀.” Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń san án. Igi ọdúm, tí àwọn ará ilé ń pè ní ìrókò, ló fi ń ṣe ti olówó. Igi wáwà ló fi ń ṣe ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ọdúm, nítorí ó fúyẹ́, kò sì wọ́n. Ti ìyàwó tuntun, á gbẹ́ ẹyẹ méjì sí i lára, wọ́n á kọjú síra wọn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí. Àwọn èèyàn máa ń yà wá wo ẹyẹ náà lásán.

Ó tún máa ń ṣe pósí bí wọ́n bá wá bẹ̀ ẹ́. Téèpù kan ṣoṣo ló sì ní, òun náà ló fi ń ṣe méjèèjì. Nítorí náà, èèwọ̀ kan wà nílé wa: bàbá mi kò gbọdọ̀ na téèpù sí ara ẹni tó bá wà ní ìdùbúlẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọdé tó ń sùn, ì báà jẹ́ eré. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìdúró tàbí ìjókòó ló ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tí wọ́n bá wọ̀n ní ìdùbúlẹ̀, gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kàn fún un.

Nígbà ọyẹ́ ọdún náà ni àìsàn àyà dá Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀. Ìyá bàbá mi nìyẹn. Bó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, èémí rẹ̀ á máa súfèé bíi kẹ́tùlù. Bí a bá gbé e jókòó, á mí, á sọ̀rọ̀, á sì bú ẹni tó bá yẹ kó bú. Ṣùgbọ́n kí ni yóò fara tì? Bẹ́ẹ̀dì irin ló ní, èyí tí ọkọ rẹ̀ rà fún un kí ó tó kú, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin péré ló wà ní ìgbérí rẹ̀. Bí a bá to ìrọ̀rí síbẹ̀, ìrọ̀rí á gba àárín ọ̀pá bọ́ sẹ́yìn, Ìyá Àgbà á máa yọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi tún bá a ní ìdùbúlẹ̀, tí yóò máa súfèé. Ìyá ẹni tó ń ṣe pákó ìgbérí fún ará Osu àti ará Nima, òun ni kò ní. Bí bàbá mi bá ti fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀dì tuntun fún un tẹ́lẹ̀, á ní ti ọkọ òun ti tó òun sùn.

Bí èmi ṣe di pákó ìgbérí nìyẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń lọ sílé ìwé, èmi ni mo wà nílé, èmi náà ni mo kéré tó láti wọ àárín òun àti irin. Láàárọ̀ nígbà kókò, ní ọ̀sán, àti nírọ̀lẹ́, màá gun bẹ́ẹ̀dì, màá fi ẹ̀yìn kan ẹ̀yìn rẹ̀, màá fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ọ̀pá, a ó sì jókòó bẹ́ẹ̀, òun á kọjú sí ẹnu ọ̀nà, èmi á kọjú sí ògiri. Mo mọ ògiri yẹn ju bí mo ṣe mọ ojú ìyá mi lọ. Ibì kan wà tí ẹfun ti ṣí kúrò níbẹ̀, ó dà bí ewúrẹ́ tó ń sáré. Ìyá Àgbà á máa pa ìtàn fún mi, ohùn rẹ̀ kò sì ń gba etí wọlé, egungun ẹ̀yìn mi ló ń gbà. Mo máa ń mọ̀ pé ikọ́ ń bọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Bí ìyá mi bá ní ṣé kò rẹ̀ mí, Ìyá Àgbà ló máa ń dáhùn fún mi: “Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ẹ fi í sílẹ̀, nígbà tó bá di àgbà, á ní òun gbé mi pọ̀n rí.” Ó rẹ̀ mí o, Ẹ́fúà. Lónìí, bí ọyẹ́ bá dé, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan ṣì fara tì mí níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ìránṣẹ́ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Awakọ̀ lọ́rì kan ló jẹ́ ẹ, ní ìdúró, kò tilẹ̀ jókòó mu omi. Ó ní Bàbá Àlàó, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní kí wọ́n sọ fún Àjàní, bàbá mi nìyẹn, pé òun gbọ́ pé ìyá àwọn kò lè dìde mọ́. Ó ní bí oṣù tuntun bá ti lé, òun ń bọ̀ wá gbé e lọ sílé, nítorí pé àgbàlagbà kì í sùn sílẹ̀ àjò. Bàbá mi sọ orí kodò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kò sí bó ṣe lè ní kó má wá. Ìyá mi ló wọlé lọ sọ fún Ìyá Àgbà, èmi sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe dúró díẹ̀ kó tó tún máa lọ.

“Ọ̀nà yẹn á gbọ̀n mí kú kí n tó dé Lọmé,” ó ní. “Ọ̀nà ọjọ́ mélòó, lórí pákó lọ́rì? Ọkọ mi wà nínú ilẹ̀ yìí. Àwọn tí mo ń ta ọṣẹ dúdú fún wà níbí. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe?”

“Ìyá, wọ́n ní ẹ dùbúlẹ̀ ni,” ìyá mi dáhùn.

“Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn, aya Àjàní. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó bá jókòó, wọ́n á kọ́kọ́ kí i ná.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni bàbá mi gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun á ṣe pákó ìgbérí sára bẹ́ẹ̀dì irin náà, kí àlejò náà lè bá a ní ìjókòó. Ọ̀la ọjọ́ náà, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó wọlé, Ìyá Àgbà sì dùbúlẹ̀, ó ń tòògbé. Bàbá mi dúró tì í, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ sápò. Ó ti fa téèpù jáde, ó ti na ẹnu rẹ̀ sí èjìká ìyá rẹ̀, kí ìyá mi tó fò mọ́ ọn tó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Bàbá Àbẹ̀kẹ́, kí lẹ fẹ́ ṣe?” Orúkọ mi ló máa ń fi pè é. “Ẹ dá a padà sápò.”

Ìyá Àgbà kò la ojú. “Àjàní,” ó ní, “ṣé o ti fẹ́ mọ iye pákó tí mo máa jẹ ni?”

Bàbá mi jáde bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lẹ́sẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ dóńgóyárò títí ilẹ̀ fi ṣú, kò fọwọ́ kan ayùn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fẹ́ ṣì í lọ́nà, kò ní èrò burúkú kankan. Ọwọ́ tó ti wọ̀n igi fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í bi ẹni tó ni ín léèrè kó tó wọ àpò. Àmọ́ láti ìgbà náà, kò jẹ́ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì náà mọ́. Ó ní ojú ni òun á fi wọ̀n ọ́n.

Ojú ló sì fi wọ̀n ọ́n. Ó mú pákó ọdúm kan tó ti gbẹ dáadáa, tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́, ó gbẹ́ ẹyẹ méjì sí i, ẹyẹ tó dára ju ti ìyàwó èyíkéyìí lọ. Ìyẹ́ wọn hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n gbé e gba àgbàlá kọjá, Naa Kọ́kọ́ fi ẹja sílẹ̀ lórí iná. Ó gbọ́ Yorùbá, ẹnu Gã ló fi ń sọ ọ́. “Alátà,” ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn, “Ìyá Àgbà ń gbé ọkọ tuntun wọlé, ẹ kò sì sọ fún mi?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bàbá mi pàápàá. Wọ́n so ó mọ́ irin, ó dúró gbọnrangandan bí ògiri. A gbé Ìyá Àgbà tì í.

Kò tó ìṣẹ́jú díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Pákó náà ti orí rẹ̀ síwájú, àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà. Àgógó ẹyẹ kan gún un lábẹ́ èjìká, ti èkejì gún un lọ́rùn. Ìyá mi fi ìrọ̀rí sí i, ìrọ̀rí yọ̀. Nígbà tí ikọ́ náà dá, tí wọ́n ti tún gbé èmi sẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí bàbá mi wá jókòó lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

“Ó dára,” ó ní. “Mo rí i nígbà tí ẹ ń gbé e bọ̀, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, n kò rí ẹyẹ kankan mọ́. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lo ṣe é fún, Àjàní. Ẹni tó fara tì í, o kò bi í.”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi yín, Ìyá? N kò lè wọ̀n yín.”

“Ta ní kó o wọ̀n mí? Ẹ̀yìn kò lójú, àmọ́ ó mọ ibi tó dùn ún. Ọmọ tó wà lẹ́yìn mi yìí, ta ló mọ̀ mí tó o? Mú un lọ síta, kó o bi í.”

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò gbọ́ kí bàbá mi bi mí ní ohunkóhun nípa iṣẹ́ rẹ̀ rí. Ó mú mi jókòó sórí àga gbọọrọ lábẹ́ igi, ó gbé pátákó wáwà kan sẹ́yìn mi, ó ní kí n ṣe bíi pé èmi ni Ìyá Àgbà. Ó ń da pákó náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

“Ṣé ibí?”

“Níbí, ikọ́ ló máa ń wú, Bàbá.”

“Ibí ńkọ́?”

“Níbí, oorun á gbé e, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.”

Ó tún dá a padà bí ìbú ìka kan. “Ibí?”

“Ibí yìí ló ti máa ń bú yín.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó fi ẹfun sàmì síbẹ̀. Ó wá na téèpù sí ẹ̀yìn mi, ìjókòó ni mo wà, kò sí ẹni tó lè bá a wí. Ó bi mí níbi tí orí Ìyá Àgbà ń dé sí mi, mo ní tèmi kò kọjá ọrùn rẹ̀, ó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan àti díẹ̀ kún un. Ó bi mí níbi tó máa ń wúwo jù. Mo fi ìbàdí hàn án. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo mọ gbogbo rẹ̀. Mo kàn ń dáhùn ni, ó sì ń ṣe bíi pé ẹ̀yìn mi ló ń sọ̀rọ̀.

Igi ló wá kù. Oṣù tuntun ku ọjọ́ díẹ̀. Bàbá mi tú pákó ẹlẹ́yẹ sílẹ̀ lára irin, ó gbé e sórí tábìlì iṣẹ́. Ìyá mi rí i, ó sáré jáde. “Ẹ má bà á jẹ́,” ó ní. “Ẹ wá pákó mìíràn, ẹ jẹ́ kí á ta èyí fún ìyàwó ẹlòmíràn.” Bàbá mi ní igi tútù ni gbogbo ohun tó wà nílẹ̀, bí òun bá kàn án nínú ọyẹ́ yìí, kí àlejò tó dé, á ti tẹ̀, á ti là. Èyí nìkan ló gbẹ. Ó gbé ràndà, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyẹ apá òsì. Èèpo igi ń ká bọ́ sílẹ̀, ìyẹ́, ojú, àgógó, títí ara igi fi mọ́. Mo kó díẹ̀ nínú èèpo náà sínú aṣọ mi, ìyá mi lò ó dáná kí n tó jí lọ́jọ́ kejì. Ó rẹ́ pákó náà sí mẹ́ta ní ìbú, ó fi àlàfo ìka sílẹ̀ láàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè kan ẹ̀yìn tó bá ń làágùn. Ó gbẹ́ ti ìsàlẹ̀ wọnú fún ìbàdí. Ó lu ihò gígùn kan sí ti òkè, kí ọwọ́ lè wọ̀ ọ́, kí ẹni tó wà níbẹ̀ lè fa ara rẹ̀ sókè láìpe ẹnikẹ́ni. Èèkàn igi ló fi kàn án, kò sí ìṣó kan lára rẹ̀ tó lè ha ènìyàn. Nígbà tó so ó mọ́ irin, kò sí ẹni tó yà láti wò ó. Naa Kọ́kọ́ ní ó dà bí àkàbà tó ń sinmi.

Ìyá Àgbà fara tì í. Gbogbo wa ń tẹ́tí sí èémí. Mo rántí pé mo dì mọ́ ilẹ̀kùn. Ó pa ojú dé, ó mí sínú, ó mí síta, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá ní: “Àjàní, ìgbà wo lo fá irùngbọ̀n kẹ́yìn? O dà bí olè.” Bàbá mi jáde síta, mo rí i tó fi apá aṣọ nu ojú.

Ọjọ́ kẹrin ni Bàbá Àlàó dé, òun àti ọkùnrin méjì tí yóò bá a gbé e. Naa Kọ́kọ́ ké “Àgóò” láti ojúde kí a lè mọ̀. Ó wọlé pẹ̀lú ẹní tí wọ́n ká, ó ti fa ojú ro láti ẹnu ọ̀nà, ó sì dọ̀bálẹ̀ kó tó wo ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Ìyá Àgbà jókòó, kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ líle wọn, àti ẹja wà lórí itan rẹ̀.

“Àlàó, dìde. Ẹní wo lo ká mọ́ra wá yìí? Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé a kò ní ẹní ni?”

Bàbá Àlàó gbé ojú sókè, ó wo bàbá mi, ó tún wo ìyá rẹ̀. “Wọ́n ní ẹ dùbúlẹ̀, Ìyá.”

“Mo dùbúlẹ̀ lánàá. Màá tún dùbúlẹ̀ lálẹ́. Ìwọ kì í dùbúlẹ̀ ni?”

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́.

“A wá gbé yín lọ sílé ni. A ti tún òrùlé yàrá yín ṣe.”

“O ṣé. Ta ló ń sùn níbẹ̀?”

Bàbá Àlàó wo ẹní tó gbé dání. “Ìyàwó mi kékeré ló ń bá yín tọ́jú rẹ̀.”

“Kó máa bá mi tọ́jú rẹ̀ lọ. N kò lè wá lé ìyàwó kúrò lórí ẹní nítorí ikọ́.”

Ṣùgbọ́n Bàbá Àlàó kì í ṣe òmùgọ̀, ìyá rẹ̀ ló sì wá wò. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Ìyá, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ níbí, tí n kò sí níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún ará ilé?” Ìyá Àgbà gbé àwo kúrò lórí itan. Ó na ọwọ́ sókè, ó ki ìka bọ inú ihò pákó náà, ó fa ara rẹ̀ jókòó dáadáa, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó ní: “Sọ fún wọn pé o bá mi ní ìjókòó. Bí mo bá fẹ́ lọ, èmi fúnra mi ni màá ránṣẹ́ sí ọ. Bàbá yín wà nílẹ̀ yìí, kò sì tíì bá mi jà pé mo dúró tì í.” Bàbá Àlàó fi ọwọ́ pa pákó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Àjàní, ìwọ lo ṣe èyí?” Bàbá mi ní: “Èmi àti Àbẹ̀kẹ́ ni.” N kò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni mo ti bí ọmọ, mo ti ṣòwò, mo ti kọ́lé. Bàbá Àlàó sùn sílé wa fún ọjọ́ méjì, lọ́rì wọn sì lọ láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Ibi tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹní sí nínú rẹ̀ fún Ìyá Àgbà, oníṣòwò kan ló di bélì aṣọ àlòkù ọjà Kantamanto mẹ́rin síbẹ̀. Ìyá Àgbà rí ọyẹ́ mẹ́ta sí i lórí pákó yẹn, ó ta ọṣẹ nínú méjì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí lọ́rì lọ, nígbà tí gbogbo hílàhílo àlejò ti tán, mo wọ yàrá náà ní àkókò mi, bí mo ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo ti gbé ẹsẹ̀ lé bẹ́ẹ̀dì kí n tó rántí pé kò sí àyè fún mi lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Pákó ti gbà á. Mo dúró, ẹ̀yìn mi fúyẹ́, n kò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí. Mo fẹ́ padà síta. Ìyá Àgbà wò mí títí, ó fi ọwọ́ lu orí aṣọ níwájú ara rẹ̀. “Wá síbí,” ó ní, “láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, ẹ̀yìn rẹ nìkan ni mo mọ̀.” Mo jókòó síwájú rẹ̀. Ó gbá mi ní àgbọ̀n mú, ó yí ojú mi sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

“Àbẹ̀kẹ́, eyín iwájú rẹ tó ká ti hù.”

“Ó ti pẹ́, Ìyá Àgbà.”

“Méjèèjì?”

“Méjèèjì.”

Ó ní kí n la ẹnu dáadáa, kí òun rí i.